Báwo ni Google ṣe máa mọ̀ pé Ifẹ̀ tàbí Iléṣà lẹ wà? Ìbéèrè àti ìdáhùn

Ìbéèrè kan náà làwọn oníṣòwò ń bi mí lórí ọ̀rọ̀ yìí, láti Lágere títí dé ọjà Àtàkúnmọ́sà, ni mo bá kó wọn jọ síbí. Èyí tó rọrùn ló wà lókè, èyí tó le wà nísàlẹ̀. Ẹ wá tiyín níbẹ̀.

Kí ló ń jẹ́ kí ìkànnì dojú kọ ibì kan?

Tí èèyàn bá tẹ "télọ̀" tàbí "hòtẹ́ẹ̀lì" sórí Google ní Ifẹ̀, ohun tó máa rí kọ́ lẹni tó wà ní Kánò máa rí. Google máa ń wo ibi tẹ́ni tó ń wá nǹkan wà, á wá wo àwọn ìkànnì àti ṣọ́ọ̀bù tó jọ pé wọ́n wà fún àdúgbò yẹn, àwọn ló máa tì síwájú. Kí ìkànnì yín dojú kọ ibì kan ni pé kẹ́ ẹ jẹ́ kó yé Google láìsí àníàní pé àwọn ará ibẹ̀ lẹ ń tà fún.

Ọ̀nà méjì ni ọ̀rọ̀ yìí pín sí o, ibẹ̀ gan-an lọ̀pọ̀ èèyàn ti ń ṣìnà. Orílẹ̀-èdè wà lọ́tọ̀, ìlú wà lọ́tọ̀. Ohun tó ń sọ fún Google pé ọmọ Nàìjíríà ni ìkànnì yín kọ́ ló ń sọ fún un pé Iléṣà ni ṣọ́ọ̀bù yín wà. Àwọn kan á náwó sórí ti orílẹ̀-èdè, wọ́n á wá jókòó kí tìlú wá bá wọn, kì í wá.

Wọ́n ní ibì kan wà nínú Search Console, irinṣẹ́ ọ̀fẹ́ tí Google ṣe fáwọn tó ni ìkànnì, téèyàn ti ń yan orílẹ̀-èdè, mo wá a wá a, mi ò rí i.

Ẹ má wá a mọ́. Ó wà nígbà kan lóòótọ́, International Targeting ni wọ́n ń pè é, ẹ máa yan Nigeria níbẹ̀, ó parí. Ní September 2022 ni Google yọ ọ́ kúrò pátápátá, wọ́n ní kò fi bẹ́ẹ̀ wúlò mọ́. Àmọ́ àwọn fídíò àtàwọn ìwé àtijọ́ tó ń kọ́ni bí wọ́n ṣe ń tẹ̀ ẹ́ ṣì wà nílẹ̀, ìdí nìyẹn tẹ́ ẹ fi ń wá ohun tí ò sí.

Kódà nígbà tó wà, orílẹ̀-èdè nìkan ló mọ̀, kò fìgbà kan lè yan ìlú. Torí náà ẹni tó bá ní kẹ́ ẹ san owó kóun bá yín "set" ìkànnì yín sí Ifẹ̀ nínú Search Console, ẹ bi í pé ibo ló ti máa tẹ̀ ẹ́, kó fi hàn yín.

Kí wá ni Google ń wò báyìí?

Àmì ni, ọ̀pọ̀lọpọ̀ àmì tó ń kó jọ. Ìparí orúkọ dómẹ́ènì yín, ìyẹn orúkọ táwọn èèyàn ń tẹ̀ kí wọ́n tó dé ìkànnì yín, wà níbẹ̀, bóyá .ng ni tàbí .com. Àdírẹ́sì àti nọ́ńbà fóònù tó wà lórí ojúewé yín wà níbẹ̀, owó tẹ́ ẹ fi ń kọ iye ọjà, ₦ ni àbí dọ́là, èdè tẹ́ ẹ fi kọ ọ́, àwọn ìkànnì mìíràn nílùú tó fi líǹkì tọ́ka sí yín, àti Google Business Profile yín, ìyẹn ojúewé ṣọ́ọ̀bù yín lórí máàpù Google. Bẹ́ ẹ bá ní ẹ̀dà ìkànnì kan náà fún oríṣiríṣi èdè tàbí orílẹ̀-èdè, kóòdù kan wà tó ń jẹ́ hreflang tó ń ṣàlàyé ìyẹn, mo sọ ọ́ nísàlẹ̀.

Ohun tí ò wò ni àwọn meta tag àtijọ́, ọ̀rọ̀ tó fara pamọ́ sínú kóòdù ojúewé, bíi geo.position. Mo ṣì máa ń bá a lórí ìkànnì àwọn èèyàn, wọ́n ti kọ ọ́ síbẹ̀ tọkàntọkàn, Google sì sọ ọ́ ní gbangba pé òun kì í lò ó. Tó bá wà níbẹ̀, kò pa yín lára, àmọ́ ẹ má sanwó fún ẹnikẹ́ni torí ẹ̀.

Nínú .com, .ng àti .com.ng, èwo ni kí n rà?

Tó bá jẹ́ pé Nàìjíríà nìkan lẹ ti ń tà, tẹ́ ẹ sì ṣẹ̀ṣẹ̀ fẹ́ bẹ̀rẹ̀, ẹ ra .com.ng tàbí .ng. Àjọ kan tó ń jẹ́ NiRA ló ń bójú tó gbogbo ohun tó bá parí sí .ng, àwọn tó ń ta dómẹ́ènì nílẹ̀ wa ló máa bá yín gbà á. Lójú Google, .com.ng àti .ng ò yàtọ̀ síra, Nàìjíríà ni méjèèjì ń tọ́ka sí, ẹ ra èyí tápò yín bá gbà. Ẹ wo Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ tó wà nílé níbí, oauife.edu.ng ni tiwọn, ẹni tó bá rí i mọ̀ lójú ẹsẹ̀ pé ilé-ẹ̀kọ́ ni, Nàìjíríà ló sì wà.

Tẹ́ ẹ bá ń fẹ́ ta aṣọ òkè tàbí ìlẹ̀kẹ̀ fáwọn tó wà ní London àti Amẹ́ríkà pẹ̀lú, ẹ lo .com, torí .com ò so mọ́ orílẹ̀-èdè kankan. .ng máa ń fà yín mọ́ Nàìjíríà, ó sì ṣòro láti já ara yín gbà lọ́wọ́ ìyẹn. Ẹ tún mọ èyí: .co, .io àti .me, orílẹ̀-èdè kan ló ni ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn lóòótọ́, ṣùgbọ́n Google ti ń kà wọ́n sí ti gbogbo ayé báyìí bíi .com.

Kò sí ìparí dómẹ́ènì tó wà fún Ifẹ̀ tàbí Iléṣà o. Ẹ lè fi "ife" tàbí "ilesa" há àárín orúkọ yín, ó dáa káwọn èèyàn lè rántí, ṣùgbọ́n ìyẹn nìkan ò lè gbé yín dókè.

Mo ti ní .com láti ọdún pípẹ́. Ṣé kí n kó lọ sí .com.ng?

Èrò tèmi ni pé kẹ́ ẹ fi í sílẹ̀ bó ṣe wà. Dómẹ́ènì tó ti pẹ́, táwọn ìkànnì mìíràn ti tọ́ka sí, táwọn kọ́sítọ́mà ti mọ̀ dunjú, iyì tó ti kó jọ ju ohun tí .ng nìkan máa fi kún un lọ. Àdírẹ́sì, nọ́ńbà fóònù, ₦ àti Business Profile á ṣe iṣẹ́ yẹn fún .com yín.

Àmọ́ tẹ́ ẹ bá ti pinnu pé ẹ máa kó, ẹ kó o dáadáa. Ojúewé kọ̀ọ̀kan ní láti fi 301, ìyẹn àmì pé ojúewé ti kó lọ pátápátá, darí sí ojúewé tó bá a mu lórí tuntun, kì í ṣe kí gbogbo wọn kàn máa já sí ojúewé àkọ́kọ́. Lẹ́yìn ìyẹn ẹ lo Change of Address nínú Search Console láti sọ fún Google pé ẹ ti kó, kẹ́ ẹ sì máa san owó dómẹ́ènì àtijọ́ lọ, ó kéré tán ọdún kan, tó bá ju bẹ́ẹ̀ lọ ó dáa jù. Mo ti rí ẹni tó jẹ́ kí ti àtijọ́ kú lóṣù kejì tó kó, gbogbo ohun tó ti kọ́ jọ bá a lọ.

Ṣé dandan ni kí sẹ́fà mi, kọ̀ǹpútà tó gbé ìkànnì mi dání, wà ní Nàìjíríà?

Rárá. Ibi tí sẹ́fà wà jẹ́ àmì, àmọ́ àmì tó kéré ni, torí ọ̀pọ̀ ìkànnì ló ń lo CDN, ìyẹn ọ̀pọ̀ sẹ́fà káàkiri, tó ń gbé wọn kiri ayé, àwọn mìíràn sì wà lórí sẹ́fà tó wà ní Amẹ́ríkà tàbí Jámánì torí pé ó rọ̀ wọ́n lọ́rùn. Google mọ gbogbo ìyẹn.

Kí ìkànnì yá lórí fóònù ẹni tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì ò dáa ló ṣe pàtàkì jù. Ẹ dín fọ́tò kù, kẹ́ ẹ sì fún wọn pọ̀ kó tó dórí ìkànnì.

Ó ti yé mi. Báwo ni mo ṣe máa jẹ́ kó mọ ìlú?

Google Business Profile ni. Orúkọ tó ń jẹ́ tẹ́lẹ̀ ni Google My Business, wọ́n yí i padà lọ́dún 2021. Ọ̀fẹ́ ni, kò sẹ́ni tó gbọ́dọ̀ gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ yín ní orúkọ Google kẹ́ ẹ tó ní in. Òun ló ń gbé ṣọ́ọ̀bù yín sórí máàpù, òun náà ló ń jẹ́ kẹ́ ẹ wà nínú ṣọ́ọ̀bù mẹ́ta tó máa ń yọ lókè pẹ̀lú máàpù kékeré nígbà téèyàn bá wá nǹkan tó wà nítòsí.

Google sọ ọ́ fúnra rẹ̀ pé nǹkan mẹ́ta lòun ń wò láti to àwọn yẹn: bí ohun tẹ́ ẹ ń ṣe ṣe bá ohun tẹ́ni náà ń wá mu, bí ẹ ṣe jìnnà sí i tó, àti bí ẹ ṣe gbajúmọ̀ tó. Ti jíjìnnà, kò sóhun tẹ́ ẹ lè ṣe sí i, ibi tẹ́ ẹ wà lẹ wà. Ti bíbáramu wà lọ́wọ́ yín: ẹ yan ẹ̀ka iṣẹ́ tó jẹ́ tiyín gan-an, ẹ kọ wákàtí tẹ́ ẹ ń ṣí, ẹ gbé fọ́tò ojú ṣọ́ọ̀bù síbẹ̀. Ti gbajúmọ̀ ni ọ̀rọ̀ táwọn kọ́sítọ́mà ń kọ nípa yín àti bí wọ́n ṣe ń dárúkọ yín níbòmíràn. Ẹ bẹ àwọn tẹ́ ẹ ṣiṣẹ́ fún pé kí wọ́n kọ ọ̀rọ̀ síbẹ̀, ẹ sì máa dá wọn lóhùn, tó fi mọ́ ẹni tó bínú.

Àwọn kan á ní àwọn ò ní ìkànnì, ti Google ọ̀fẹ́ tó ń parí sí business.site làwọn ní. Google ti pa ìyẹn rẹ́ ní March 2024. Tí ó bá ṣì wà lára pátákó yín tàbí lórí káàdì yín, ẹ tètè yí i.

Ilé tá a wà ò ní nọ́ńbà. "Lẹ́yìn mọ́ṣáláṣí, ilé aláwọ̀ ewé" la máa ń sọ. Kí ni kí n kọ?

Ìbéèrè yìí ni mo fẹ́ràn jù torí pé tiwa gan-an ni. Ẹ kọ orúkọ àdúgbò, òpópónà tó bá ní, ìlú, Osun State, Nigeria, kẹ́ ẹ sì fi ohun táwọn èèyàn mọ̀ tó wà nítòsí kún un. Ṣùgbọ́n àdírẹ́sì tí ò ní nọ́ńbà, Google ò lè fi gbé píìnì, ìyẹn àmì tó ń fi ibi yín hàn lórí máàpù, sí ibi tó yẹ, ẹ̀yin lẹ máa gbé e síbẹ̀ fúnra yín.

Ẹ má jókòó sílé ṣe é. Ẹ lọ dúró lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù yín ní ìta, kì í ṣe nínú, torí páànù máa ń da GPS rú. Ẹ tan location, ẹ dúró títí àmì búlúù yẹn á fi dúró sójú kan, á kọ́kọ́ máa fò káàkiri. Ẹ yí máàpù sí satellite kẹ́ ẹ lè rí òrùlé yín, kẹ́ ẹ wá fa píìnì wá sórí ẹnu ọ̀nà gan-an. Mo bá màmá kan tó ń ránṣọ ní Iléṣà tún tirẹ̀ ṣe, ẹ̀yìn ilé ni píìnì rẹ̀ wà, lójú títì kejì tí ògiri wà láàárín. Ojoojúmọ́ ni wọ́n ń pè é: "Màmá, mo ti dé o, ògiri ni mo rí." "Ọmọ mi, yípo, yípo wá síwájú." Àwọn mìíràn ò ní pè, wọ́n á yí mọ́tò padà lọ sọ́dọ̀ ẹlòmíràn. Kò ju ìwọ̀n ilé kan lọ tá a fà á, ìpè yẹn dáwọ́ dúró.

Ẹ tún lo Plus Code. Láti ọdún 2015 ló ti wà lórí Google Maps, lẹ́tà àti nọ́ńbà díẹ̀ ni tó ń dúró fún ojú ilẹ̀ kékeré kan, ibẹ̀ ì báà ní òpópónà tàbí kó má ní. Tẹ́ ẹ bá tẹ ibi kan mọ́lẹ̀ lórí Google Maps díẹ̀, ó máa yọ nísàlẹ̀. Ẹ kọ ọ́ sórí ìkànnì, ẹ fi ránṣẹ́ lórí WhatsApp, ọlọ́kadà tó bá ní fóònù á fi bá yín.

Ilesa ni kí n kọ ni àbí Ilesha? Ile-Ife àbí Ife lásán?

Ẹ̀yà méjèèjì làwọn èèyàn ń tẹ̀. Ẹni tó kàwé láyé àtijọ́ á tẹ Ilesha, àwọn ọmọ ìsinsìnyí á tẹ Ilesa, kò sì sẹ́ni tó ń fi àmì sí i lórí fóònù. Ẹ mú ọ̀kan, Ilesa tàbí Ile-Ife, ẹ lò ó nínú àkọlé ojúewé àti nínú àdírẹ́sì níbi gbogbo, kẹ́ ẹ wá fi èkejì sínú gbólóhùn kan láàárín ọ̀rọ̀ bó ṣe máa ń wá lẹ́nu. Ẹ má kó wọn jọ bí ẹni tó ń ka orúkọ nínú kíláàsì, "Ilesa Ilesha Ijesha Ijesa", kò dùn ún kà, Google náà sì mọ̀ pé ẹ ń dọ́gbọ́n.

Ewu tó wà níbẹ̀ ni pé orúkọ wa ti rìn jìnnà. Tẹ́ ẹ bá kọ Ijesha nìkan, Ijesha wà ní Sùúrùlérè l'Ékòó, ó sì gbajúmọ̀. Tẹ́ ẹ bá kọ Ilesha nìkan, Ilesha Baruba wà ní ìpínlẹ̀ Kwara. "Ife Road" náà, Old Ife Road wà n'Íbàdàn, ilé ìtajà tó wà níbẹ̀ ò lóǹkà. Ife fúnra rẹ̀ tí ò bá ní àmì, ṣé Ifẹ̀ ni, ṣé ìfẹ́ ni, ṣé orúkọ ọmọ obìnrin kan ni? Ìdí nìyẹn tí mo fi máa ń sọ pé kẹ́ ẹ kọ Osun State tẹ̀lé e nígbà gbogbo. Ọ̀rọ̀ méjì péré ni, ó ń ṣe iṣẹ́ ńlá.

Àdúgbò náà ṣe pàtàkì. Ọmọ OAU ò ní wá "oúnjẹ ní Ilé-Ifẹ̀", á wá a ní Mayfair, ní Lágere, ní Ṣàbó, tàbí kó kọ "near OAU". Àdúgbò tẹ́ ẹ wà ni kẹ́ ẹ dárúkọ. Ẹni tó bá wà ní Mọ́dákẹ́kẹ́ kó kọ Modakeke, kó má fi sábẹ́ Ilé-Ifẹ̀ lásán torí ó rò pé ìyẹn ló tóbi, àwọn aládùúgbò ẹ̀ ló ń wá a.

Àdírẹ́sì mi lórí Facebook yàtọ̀ sí tìkànnì mi. Ṣé ó burú?

Ó burú díẹ̀, ẹ sì lè tún un ṣe láàárín ìrọ̀lẹ́ kan. Orúkọ, àdírẹ́sì àti nọ́ńbà fóònù ní láti bára mu lórí ìkànnì, Business Profile, Facebook, Instagram, àti àwọn ìwé àkọsílẹ̀ oníṣòwò lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Kí nọ́ńbà wà ní ìrísí kan, ẹ jẹ́ kó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú +234. Ibi tọ́wọ́ ti máa ń yọ ni nọ́ńbà àtijọ́ tẹ́ ẹ ti sọ nù, ẹ fi orúkọ ṣọ́ọ̀bù yín wá ara yín lórí Google, ẹ máa rí ibi tó ti ṣì wà.

Mi ò ní ṣọ́ọ̀bù, ilé kọ́sítọ́mà ni mo ń lọ.

Púlọ́ḿbà, oníná, ẹni tó ń ṣe mekí-ọ̀ọ̀pù, ẹ̀yin náà lè ní Business Profile. Ẹ fi àdírẹ́sì ilé yín pamọ́, kẹ́ ẹ wá kọ àwọn ìlú tẹ́ ẹ ń dé. Ó gbà tó 20, ṣùgbọ́n Google ò fẹ́ kí ó jìnnà ju bíi wákàtí méjì lọ́kọ̀ láti ibi tẹ́ ẹ wà. Kíkọ ìlú púpọ̀ síbẹ̀ kì í gbé yín sókè nínú ìlú wọ̀nyẹn o, ó kàn ń sọ fún èèyàn ibi tẹ́ ẹ máa ń dé ni.

Wọ́n ní kí n ya fídíò kí wọ́n tó gbà pé èmi ni mo ni ín. Kí ni kí n yà?

Ẹ yà á lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo láìgé e, ó kéré tán ìṣẹ́jú-àáyá 30. Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti ojú títì kí wọ́n rí àdúgbò, ẹ rìn wá sí pátákó orúkọ yín, ẹ fi kọ́kọ́rọ́ ṣílẹ̀kùn, ẹ wọlé, ẹ fi ẹ̀rọ tàbí ọjà hàn. Kọ́kọ́rọ́ yẹn ló ń jẹ́ kí wọ́n mọ̀ pé kì í ṣe kọ́sítọ́mà ló ń ya fídíò. Ẹ má ya ojú èèyàn sí i. Lẹ́yìn náà ẹ ní sùúrù fọ́jọ́ iṣẹ́ bíi márùn-ún.

Mo fẹ́ kí wọ́n rí mi ní Ifẹ̀ àti Iléṣà. Ṣé kí n ṣe ojúewé fún ìlú kọ̀ọ̀kan?

Tẹ́ ẹ bá ní ṣọ́ọ̀bù ní méjèèjì, bẹ́ẹ̀ ni, ojúewé kan fún ọ̀kọ̀ọ̀kan, Business Profile kan fún ọ̀kọ̀ọ̀kan, kẹ́ ẹ sì so Profile Iléṣà mọ́ ojúewé Iléṣà. Kìlómítà bíi 30 ló wà láàárín wa, ẹni tó wà ní ọjà Àtàkúnmọ́sà ò ní wọkọ̀ wá Ifẹ̀ torí bátìrì fóònù, Google náà mọ̀.

Ojúewé yẹn ní láti ní ọ̀rọ̀ tirẹ̀: àdírẹ́sì ibẹ̀, fọ́tò ibẹ̀, ẹni tó ń dáhùn ìpè níbẹ̀, iye owó tó bá yàtọ̀, bí wọ́n ṣe ń débẹ̀ láti gáréèjì. Ohun tí mi ò fẹ́ kẹ́ ẹ ṣe ni kẹ́ ẹ da ojúewé kan kọ, kẹ́ ẹ wá pààrọ̀ orúkọ ìlú nìkan: Ilesa, Osogbo, Ede, Ikire, Akure, títí lọ. Doorway ni Google ń pè é, ó wà nínú àwọn ohun tó kà sí jìbìtì, ó lè rì gbogbo ìkànnì yín. Tí ẹ ò bá ní ohun kan pàtó láti sọ fún ará ìlú kan, ẹ má ṣe ojúewé fún wọn.

Ẹnì kan ní kí n lo àdírẹ́sì ọ̀rẹ́ mi tó wà lẹ́bàá géètì OAU kí n lè sún mọ́ àwọn ọmọ iléèwé.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ṣe é. Google fẹ́ kó jẹ́ ibi tẹ́ ẹ ti ń dá kọ́sítọ́mà lóhùn ní wákàtí tẹ́ ẹ kọ. Tí ẹnì kan bá fi ẹjọ́ yín sùn, wọ́n lè dá Profile yín dúró, gbogbo ọ̀rọ̀ rere táwọn èèyàn ti kọ nípa yín á pòórá lójú gbogbo ayé, kó tó padà á gba ẹ̀bẹ̀. Bẹ́ẹ̀ náà ni orúkọ: orúkọ tó wà lára pátákó yín ni kẹ́ ẹ kọ, kì í ṣe orúkọ yín pẹ̀lú "Best Cheap Tailor in Ile-Ife Near OAU".

Mo mọ̀ pé àwọn tó ń ṣe é wà lókè báyìí, ó ń dùn mí náà. Ẹ lè tẹ "Suggest an edit" lórí tiwọn, kẹ́ ẹ sọ òótọ́ tẹ́ ẹ mọ̀.

Ifẹ̀ ni mo jókòó sí, Google ń sọ pé Èkó ni mo wà. Mi ò sì rí ìkànnì mi.

Tẹ́ ẹ bá wo ìsàlẹ̀ ojúewé Google, ẹ máa rí ibi tó rò pé ẹ wà. Tí location bá wà ní pípa, IP, ìyẹn nọ́ńbà tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì yín fún fóònù yín, ló ń wò, IP yẹn sì lè jẹ́ èyí tí wọ́n kọ mọ́ Èkó bó tilẹ̀ jẹ́ pé inú Ifẹ̀ lẹ ti ń lo dátà. Ẹ tan location, kẹ́ ẹ tẹ "Update location" níbẹ̀, kẹ́ ẹ wá a lẹ́ẹ̀kan sí i. Incognito ò yanjú èyí, ó ń fi ìtàn àtẹ̀yìnwá pamọ́, kì í fi ibi tẹ́ ẹ wà pamọ́.

Bóyá google.com tàbí google.com.ng lẹ ṣí ò ṣe nǹkan kan. Láti October 2017 ló ti jẹ́ pé ibi téèyàn wà ni wọ́n ń wò, ní April 2025 sì ni Google kéde pé àwọn dómẹ́ènì orílẹ̀-èdè wọ̀nyẹn á máa darí sí google.com ni.

Ẹ má sì máa wá ara yín lójoojúmọ́ kẹ́ ẹ wá fi ohun tẹ́ ẹ rí dájọ́. Ẹ bẹ ẹnì kan ní Enuwá, ẹnì kan ní Iléṣà, kí wọ́n wá a lórí fóònù tiwọn, kí wọ́n ya ojú fóònù wọn ránṣẹ́ sí yín. Ẹ máa rí i pé ohun tí wọ́n rí yàtọ̀, kódà láàárín ìlú kan náà.

Mo fẹ́ kọ ojúewé kan ní Yorùbá, èkejì ní Gẹ̀ẹ́sì. Báwo ni mo ṣe máa sọ fún Google?

Inú mi dùn sí i, ẹ ṣe é. Kí ojúewé kọ̀ọ̀kan ní àdírẹ́sì íntánẹ́ẹ̀tì tirẹ̀, kẹ́ ẹ má da èdè méjì pọ̀ sójú kan. Lẹ́yìn náà ẹ kọ hreflang sínú head, ìyẹn apá òkè kóòdù, ojúewé méjèèjì:

`<link rel="alternate" hreflang="yo-NG" href="https://.../yo/">`
`<link rel="alternate" hreflang="en-NG" href="https://.../en/">`

Ojúewé kọ̀ọ̀kan gbọ́dọ̀ dárúkọ ara rẹ̀ àti èkejì. Tí ti Yorùbá bá tọ́ka sí ti Gẹ̀ẹ́sì, tí ti Gẹ̀ẹ́sì ò tọ́ka padà, Google ò ní ka ọ̀rọ̀ náà sí. Èdè ló ń ṣíwájú, orílẹ̀-èdè ló ń tẹ̀lé e. Ẹ lè kọ yo nìkan, ẹ ò lè kọ orílẹ̀-èdè nìkan. Mo ti bá hreflang="ng" lórí ìkànnì kan, ẹni tó kọ ọ́ rò pé Nàìjíríà lòun ń sọ. Èdè Ndonga tí wọ́n ń sọ ní Nàmíbíà àti Àńgólà ni ng nínú àkójọ èdè, ó ti sọ fún Google pé Ndonga lòun fi kọ ojúewé òun. Bẹ́ẹ̀ náà ni en-UK ò sí, en-GB ni.

Àwọn Yorùbá wà ní orílẹ̀-èdè Bẹ̀nẹ̀ náà. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ kí wọ́n rí i, yo lásán ti tó, kò ní fi ẹnikẹ́ni sílẹ̀. Ti Bing, ẹ̀rọ tí Microsoft fi ń wá nǹkan bíi Google, meta content-language ló ń wò, Google kì í wò ó, ẹ lè fi méjèèjì síbẹ̀.

Mo ń tà fún ará Ifẹ̀, mo tún ń tà fáwọn ọmọ wa ní London. Ṣé kí ìkànnì máa darí èèyàn gẹ́gẹ́ bí IP ẹ̀?

Má dán an wò, ẹ jọ̀ọ́. Amẹ́ríkà ni ọ̀pọ̀ jù nínú ẹ̀rọ Google tó ń ka ìkànnì ti ń wá. Tẹ́ ẹ bá ní kí gbogbo ẹni tó wá láti òkèèrè lọ sí ojúewé òkèèrè, ẹ̀rọ yẹn náà á lọ síbẹ̀, ó lè má rí ojúewé tẹ́ ẹ ṣe fún Nàìjíríà láé. Ẹ̀yin á rí i lórí fóònù yín, ẹ̀rọ tó ń kà á ò ní rí i.

Ẹ lo .com, kẹ́ ẹ wá pín in sí /ng/ pẹ̀lú owó ₦ àti /uk/ pẹ̀lú pọ́ùn, hreflang en-NG àti en-GB, àti x-default fún àwọn tí ò sí nínú méjèèjì. Ẹ gbé líǹkì kan sókè tí èèyàn lè fi yan orílẹ̀-èdè rẹ̀ fúnra rẹ̀. Ẹ má lo àmì ìbéèrè lórí líǹkì, bíi ?country=ng, láti fi pín in, Google ò gba ẹnikẹ́ni nímọ̀ràn bẹ́ẹ̀.

Kóòdù wo ni mo lè fi sínú ìkànnì tó máa sọ àdírẹ́sì mi fún ẹ̀rọ?

LocalBusiness ni, láti inú schema.org, àkójọ ọ̀rọ̀ táwọn ẹ̀rọ bíi Google ń kà. Ìlànà ìkọ̀wé kan tó ń jẹ́ JSON-LD ni kẹ́ ẹ fi kọ ọ́. Èyí tó ṣe pàtàkì nínú ẹ̀ rèé:

```
"@type": "LocalBusiness",
"address": {
  "@type": "PostalAddress",
  "addressLocality": "Ilesa",
  "addressRegion": "Osun State",
  "addressCountry": "NG"
},
"geo": {
  "@type": "GeoCoordinates",
  "latitude": 7.62,
  "longitude": 4.74
}
```

Ẹ fi orúkọ, òpópónà àti nọ́ńbà fóònù kún un. Nọ́ńbà méjì ìsàlẹ̀ yẹn, Iléṣà lápapọ̀ ni mo fi ṣe àpẹẹrẹ, Ilé-Ifẹ̀ jẹ́ bíi 7.48 àti 4.56. Ẹ má dà á kọ bẹ́ẹ̀. Ẹ lọ sórí máàpù, ẹ mú ti ẹnu ọ̀nà yín, kó ní nọ́ńbà márùn-ún lẹ́yìn ojúàmì. Ohun tó bá wà nínú kóòdù gbọ́dọ̀ wà lójú ojúewé kí èèyàn náà lè kà á. Tẹ́ ẹ bá kọ ọ́ tán, ẹ gbé e lọ sí Rich Results Test, irinṣẹ́ Google tó ń yẹ kóòdù wò, kẹ́ ẹ wò ó bóyá kọ́mà kan ti já, kọ́mà kan péré lè ba gbogbo ẹ̀ jẹ́.

Mo ti ṣe gbogbo ẹ̀. Báwo ni mo ṣe máa mọ̀ pé ó ń ṣiṣẹ́?

Nínú Search Console, ẹ lọ sí Performance, kẹ́ ẹ tẹ Countries, ẹ máa rí iye èèyàn tó ń rí yín láti Nàìjíríà. Kò ní fi ìlú hàn yín, nítorí náà ẹ lọ sí Queries, kẹ́ ẹ ṣa èyí tó ní "ife" tàbí "ilesa" nínú jáde. Tẹ́ ẹ bá rí i pé Lagere tàbí Modakeke ti ń yọ nínú ohun táwọn èèyàn tẹ̀ kí wọ́n tó dé ọ̀dọ̀ yín, ó ti ń yé Google nìyẹn.

Fún ìlú, Business Profile ló ní ìròyìn tó dáa: iye ẹni tó pè yín láti ibẹ̀, iye ẹni tó béèrè ọ̀nà. Béèrè-ọ̀nà yẹn ni mo máa ń kọ́kọ́ wò, torí ẹni tó bá béèrè ọ̀nà ti ń múra àtiwá. Ẹ kọ nọ́ńbà oṣù yìí sílẹ̀ kẹ́ ẹ tó yí ohunkóhun padà, kẹ́ ẹ wá fi oṣù mẹ́ta tó ń bọ̀ wé e, kì í ṣe ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀. Tẹ́ ẹ bá yí nǹkan márùn-ún lọ́jọ́ kan, ẹ ò ní mọ èyí tó ṣiṣẹ́. Píìnì ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ tún ṣe.